Láísẹ́ǹsì Màmá Bọ́ọ̀sì

Kò sí iṣẹ́ tí kò ní èébú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ń dán awakọ̀ wò pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó bá sọ fún èèyàn pé ó yege, onítọ̀hún á ní ọgbọ́n orí òun ló gbé òun débẹ̀. Bó bá sọ fún un pé kò yege, á ní ṣe ló fẹ́ fi ebi pa òun àti àwọn ọmọ òun. Obìnrin kan wà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Àwọn dẹ́rẹ́bà ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìdánwò, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń fi pè é bó bá fẹ́ mú un bínú.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì ló ti ń ṣiṣẹ́. Pápá kan wà lẹ́yìn ilé náà tí wọ́n fi táyà àlòkù pààlà sí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, Ìyá Ìdánwò á jókòó ti àjèjì nínú ọkọ̀ àjèjì, pákó ìkọ̀wé á wà lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí bíréèkì rárá, títí orúnkún á fi máa ro ó. Bí ẹni náà bá wá gun táyà kọjá, tàbí tó yà láìwo dígí, á sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, ẹ ò yege." Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ á sunkún níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n á ní ṣé ó mọ ẹni tí bàbá òun jẹ́ ni. Abilékọ kan á rọ òjò èpè lé e lórí, tó bá sì ṣépè tán, á béèrè ọjọ́ tí òun lè padà wá tún un ṣe.

Ó ti rẹ Ìyá Ìdánwò. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Àárẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́ tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ ni. Bó bá délé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ló máa ń gbà kíákíá, nítorí pé "rárá" ti tán lẹ́nu rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ìyá tó bí Ìyá Ìdánwò náà, dẹ́rẹ́bà ni. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà, àwọn ọmọ náà ló sì ń pè é ní Màmá Bọ́ọ̀sì. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ò tíì ga ju tábìlì lọ, ló ti ń wà á. Bọ́ọ̀sì ló fi tọ́ ọmọ náà, bọ́ọ̀sì ló fi rán an níwèé títí ó fi di ẹni tí ìjọba gbé kálàmù fún pé kó máa dán dẹ́rẹ́bà wò. Màmá mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tí inú máa ń rú nínú ọkọ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sẹ́bàá fèrèsé. Ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń gbàgbé láti so okùn bàtà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó wá jókòó sílé kó sinmi, á ní ibi ìsìnkú kún fọ́fọ́ fún àwọn tó ń sinmi, pé kí wọ́n lọ bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún Màmá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìdánwò ló rí i, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rí ohun tí awakọ̀ ò rí. Ó rí i pé bí Màmá bá ń da tíì, ara tábìlì ló ń dà á sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rí i pé dígí ọwọ́ ọ̀tún bọ́ọ̀sì ti fọ́, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó sì ti tún fọ́. Nígbà tó béèrè, Màmá ní géètì iléèwé ló sún mọ́ òun.

"Géètì, Màmá?"

"Géètì ni o. Àwọn bírìkìlà tó ṣe é ò mọṣẹ́."

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkọ̀ Ìyá Ìdánwò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ló bá bá Màmá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn, ariwo ń sọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ yà sí ọ̀tún, ọmọbìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ já síta láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà kan. Ìyá Ìdánwò rí i. Ó ń retí kí Màmá náà rí i kó dín eré kù, ṣùgbọ́n Màmá ń yí ọwọ́ ọkọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé títì náà ṣófo.

"Màmá!"

Màmá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àwọn àpò ìwé já lulẹ̀ lẹ́yìn, àwọn ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ọmọ orí kẹ̀kẹ́ náà ti kọjá lọ ní tirẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ha imú ọkọ̀.

"Kí lo ń pariwo sí?" ni Màmá wí. "Ṣebí mo ti rí i."

Ìyá Ìdánwò wojú ìyá rẹ̀. Màmá kò rí i. Títí di ìgbà yẹn, òdìkejì títì ló ṣì ń wò, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá a ní yàrá. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Màmá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú?"

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é o. Kí wọ́n kàn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ojú tí mo fi tọ́ ẹ nìyí," ni Màmá wí. "Ṣé ó ti ń dí ẹ lọ́wọ́ ni?"

Obìnrin tó ń sọ "ẹ ò yege" fún ọkùnrin abirùngbọ̀n láìṣẹ́jú, kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí Màmá má bínú, ó gbé ife tíì, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi bá Màmá sọ ọ́. Wọ́n máa ń gbọ́ tiyín."

"Èmi kẹ̀?" Ọkọ gbé ìwé ìròyìn tó ń kà sílẹ̀. "Kí n wá máa sọ fún àna mi pé ojú ẹ̀ ti fọ́? Ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nì kan ò ṣe rí, ojú ẹ̀ á rí ohun tẹ́nì kan ò rí rí. Ìwọ ni Ìyá Ìdánwò, lọ dán ìyá ẹ wò." Ó tún gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ bojú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí òfin tuntun fi dé. Òfin náà ní awakọ̀ yòówù tó bá ti dàgbà, tó sì ń fi ọkọ̀ kó èèyàn, gbọ́dọ̀ wá fi ojú àti ọwọ́ rẹ̀ han àwọn olùdánwò lọ́dọọdún kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà bú òfin náà títí ẹnu fi bó wọn. Ìyá Ìdánwò ní tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn, a ò ní purọ́. Òfin ló máa sọ ọ́. Òfin ò ní ìyá, òfin ò sì jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òfin kan náà ní olùdánwò ò gbọdọ̀ dán ìbátan rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ̀rọ̀ náà. Tòun á kàn jẹ́ kí òun délé, kí òun fi ọwọ́ ra Màmá lẹ́yìn, kí òun sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, bí ìjọba ṣe wí nìyẹn."

Ó sì mọ ẹni tó fẹ́ kó sọ ọ́. Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì wọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Òfin-Lòfin. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gba omi mímu lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ṣe ìdánwò. Ó ti já àna ọ̀gá àgbà kulẹ̀ nínú ìdánwò rí. Ó já onílé tó ń gbé ilé rẹ̀ kulẹ̀, oṣù yẹn náà ló sì ń wá ilé mìíràn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wà ní ìdí àwọn àgbà awakọ̀. Ìyá Ìdánwò bá sọ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn pé, "Màmá, ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èrò kì í pọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, Ìyá Ìdánwò ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé orí ń fọ́ òun, ó sì jókòó sílé. Ó mọ ìyá rẹ̀. Bí òun bá wà níbẹ̀, Màmá á ké láti ìdí géètì pé ọmọ òun dà, gbogbo ojú á sì yí sọ́dọ̀ òun. Kò fẹ́ kí òjìji òun bọ́ sórí ìdánwò náà rárá. Ó fọ aṣọ, ó tún aṣọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ fọ̀, ó ń retí kí wọ́n mú ẹkún Màmá wá bá òun.

Orin ni Màmá ń kọ bọ̀. Ó wọlé, ó ju láísẹ́ǹsì tuntun sórí tábìlì, àwòrán rẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ń dán.

"Ta ló ní mi ò ríran?"

Ìyá Ìdánwò mú láísẹ́ǹsì náà. "Màmá, ṣé Òfin-Lòfin náà ló dán yín wò?"

"Òun náà ni. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọmọlúàbí èèyàn ní orúkọ burúkú yẹn. Ó ní kí oòrùn má pa mí. A ò pẹ́ rárá."

"Ẹ wá ka gbogbo lẹ́tà tó wà lára ògiri?"

"Mo ka èyí tí mo kà. Ó ní ó ti tó." Màmá ti ń wá ife. "Bù tíì fún mi jàre."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, Ìyá Ìdánwò ti wà ní yàrá Òfin-Lòfin. Ọkùnrin náà rí i, ó dìde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

"Má dúpẹ́," ló wí. "Ọ̀rọ̀ wa kọjá ìyẹn."

"Mi ò wá dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ìyá mi rí lẹ́tà ara ògiri?"

"Lẹ́tà wo? Nígbà tó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ògiri fúnra ẹ̀ ló ń wá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fún un?"

Òfin-Lòfin wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tí ibà mú. "Àga ẹ ṣófo," ló wí.

Ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì náà, èèwọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ìbátan. Ọ̀gá àgbà ti lé èèyàn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin bá ti ga ni ọmọ èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Àwọn òṣìṣẹ́ rí ọgbọ́n dá sí i. Lọ́jọ́ tí ìbátan ẹnì kan bá ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò, onítọ̀hún ò ní wá síbi iṣẹ́. Inú á máa run ún, tàbí kí ọmọ rẹ̀ máa gbóná. Àwọn tó kù á wo àga tó ṣófo, wọ́n á wo orúkọ àwọn tó wá, wọ́n á sì dẹwọ́. Ẹnikẹ́ni ò bẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì rú òfin. Ìyá Ìdánwò mọ àṣà yìí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ó ti fi ṣe àwọn yòókù yẹ̀yẹ́ rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìbátan rẹ̀ tó wá ibẹ̀ rí, kò sì fìgbà kan rò pé àga tòun náà lè sọ̀rọ̀. A máa ń rí ti ẹlòmíràn kedere. Tiwa ni ojú wa kì í tó.

Ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kì í wo àga ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin nìyẹn."

"Mi ò wo tiwọn. Wọ́n ń fi tiwọn ṣòfò lójoojúmọ́." Òfin-Lòfin náà jókòó. "Àmọ́ ìwọ ńkọ́? Àtìgbà tí a ti jọ wà níbí, o ò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo débẹ̀ lánàá, mo rí àga ẹ, mo rí ìyá arúgbó tó jọ ẹ́ bí ìmumu. Mo ní háà, ọmọ yìí bẹ mí lónìí. Ṣé kí n wá ṣe ojú ẹ bí ará ìta ni? Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Nítorí kẹ́ ẹ lè já a kulẹ̀ ni mo ṣe jókòó sílé!"

Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀. "Irú ẹ̀ kan ṣoṣo tí mo tíì ṣe láyé mi nìyí. Mi ò sùn dáadáa. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rẹ́ lèèyàn ń ṣe é fún."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ìdánwò, inú sì tún ń bí i. Méjèèjì ló wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ. Ó béèrè bóyá ó lè gba láísẹ́ǹsì náà padà. Òfin-Lòfin ní bí òun bá gbà á, wọ́n á bi òun léèrè ìdí tí òun fi fún un, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òun máa parí sí. Ìyá Ìdánwò ò lè ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ pé awakọ̀ kan ò lè wakọ̀ mọ́ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i gbangba, kí wọ́n sì fi han awakọ̀ náà, nítorí pé òfin ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọfà láti inú òkùnkùn.

"Fi í sílẹ̀," ni Òfin-Lòfin wí. "Àbí o fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ kọ̀wé mú ìyá ẹ? Ọdún kan ò pẹ́. Tó bá tún padà wá, màá sọ ọ́ fún un."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ó ti fẹ́ dìde kó lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó dá a dúró ni pé ó rántí pé wákàtí tí Màmá máa ń gbé àwọn ọmọ lọ iléèwé ni wọ́n wà yẹn gan-an. Bó ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, Màmá wà lójú títì, ẹrù ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìdajì títì ò sí lójú rẹ̀. Ó ní kí Òfin-Lòfin fún òun ní bébà.

Ọ̀sán ni ọ̀gá àgbà tó dé sí ọ́fíìsì. Ó ka ìwé náà, ó tún un kà, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá ẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ò lè bá a sọ ọ́ nílé ni?"

Ọ̀gá àgbà mi orí, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó béèrè ẹni tó máa lọ gba láísẹ́ǹsì náà. Òfin-Lòfin nawọ́ sókè, ṣùgbọ́n Ìyá Ìdánwò ní òun ni òun máa lọ.

Nígbà tó délé, Màmá ti gbé àwọn ọmọ padà sílé wọn, ó ń fi kànìnkànìn àti omi ọṣẹ fọ bọ́ọ̀sì. Apá òsì ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Apá ọ̀tún ní ibi tí ó fọ̀ àti ibi tí kò fọ̀. Ìyá Ìdánwò kí i, ó na ìwé náà sí i. Màmá nu ọwọ́, ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó sì dá a padà.

"Awò mi wà nínú ilé. Kà á sí mi létí."

Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí. Ó kà á. Ó ka ibi tí wọ́n ní kó má wakọ̀ mọ́ láti òní lọ, ó ka ibi tí wọ́n ní kó lọ rí dókítà, ó ka ohun tí ẹni tó kọ̀wé ní òun rí: tíì tó ń dà sára tábìlì, dígí tó fọ́, ọmọ orí kẹ̀kẹ́. Nígbà tó débẹ̀, Màmá ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó kà á tán.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, Màmá."

Màmá tún mú kànìnkànìn. Ó ń fọ ibi tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. "Lánàá tí mo lọ ibẹ̀," ló wí, "mi ò rí nǹkan kan lára ògiri wọn. Mo mọ̀. Mo wá ń wá ẹ kiri. Wọ́n ní o ò wá. Mo wá rò ó pé tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe mí ni, ọmọ mi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ nìyí á ti sọ fún mi. Mo ní bó ṣe dákẹ́ yẹn, ó mọ̀ pé mo ṣì lè ṣe é."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Ẹ̀rù yín."

"Èmi." Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "O bẹ̀rù mi títí, o wá lọ fi ẹjọ́ mi sun ìjọba. Ìjọba ò bà ẹ́ lẹ́rù."

Bí Màmá bá gbá a létí ni, ì bá sàn fún un. Ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo, àgbàlagbà obìnrin tó ní ọkọ, tó ní ọmọ. Màmá da omi ọṣẹ nù, ó wọlé, ó mú láísẹ́ǹsì náà wá, ó fi lé e lọ́wọ́. Kò jù ú o. Ó fi lé e lọ́wọ́ ni, ó sì ká ìka rẹ̀ lé e lórí.

"Ṣí ọkọ̀ ẹ," ló wí. "Gbé mi lọ sílé àwọn ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbí kí wọ́n jí lọ́la kí wọ́n lọ dúró lójú ọ̀nà de bọ́ọ̀sì tí kò ní wá?"

Nínú ọkọ̀, Màmá ò sọ ju "yà síbí" àti "lọ tààrà" lọ. Ìyá Ìdánwò ń wakọ̀ lọ. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, Màmá á sọ pé ọmọ tí òun fi bọ́ọ̀sì tọ́ ló kọ̀wé mú òun, gbogbo àdúgbò á gbọ́, wọ́n á máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní wá àwíjàre. Ohun tí òun ṣe ni wọ́n á sọ.

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ ti télọ̀ kan. Ó jáde sí wọn pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ọmọ rẹ̀ sì ti sáré gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó ń ké "Màmá Bọ́ọ̀sì!" Màmá fọwọ́ pa ọmọ náà lórí. Ìyá Ìdánwò dúró lẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí. "Mi ò lè gbé ọmọ yín mọ́ láti ọ̀la. Ojú mi kan ti lọ. Èmi ò tètè gbà, agídí ń ṣe mí. Ọmọ mi yìí ló pè mí jókòó, tó là á yé mi tìfẹ́tìfẹ́. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Télọ̀ náà wo Ìyá Ìdánwò tìyanu-tìyanu. "Ẹ bí ọmọ re, Màmá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò lè sọ irú ẹ̀ fún ìyá wọn."

"Mo bí i," ni Màmá wí.

Wọ́n padà sínú ọkọ̀. Ìyá Ìdánwò mú kọ́kọ́rọ́, kò fi í síhò rẹ̀. "Màmá," ló wí, "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀."

"Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀," ni Màmá dáhùn. "Wakọ̀."

Wọ́n dé gbogbo ilé náà kí oòrùn tó wọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni Màmá ti pa irọ́ kan náà, ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti yin Ìyá Ìdánwò, kò sì lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni nínú wọn.